Alájì Moustapha àti Ọ̀nà Tó Kúrú Jù ní Dowa

Ìtàn yìí kò gùn, ọ̀nà rẹ̀ ló wọ́. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ lórí iná kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó jókòó, torí tí a bá dé ibi tí agbádá ti wọ ẹrẹ̀, a ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà ní Àjàṣẹ́ níbí, Moustapha lorúkọ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é ní Moustapha lásán, ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ohun tó ní kí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn bírò, yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ni: Alájì Mọsíọ̀ Dirẹtọ̀ Àgbà, Olùdarí Àjọ Gbálẹ̀-Ìlú, Ọ̀gá nínú Ìṣirò Ìpinnu, Baba Ọ̀nà Kúkúrú. Orúkọ náà gùn ju ilẹ̀kùn lọ. Ẹni tó ń kọ ọ́ kọ ọ́ títí igi fi tán, ó bá a lọ sára ògiri, orí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló parí rẹ̀ sí. Bí inú bá ń run òṣìṣẹ́ kan, "Baba Ọ̀nà Kúkúrú" ló ń sáré wọ̀.

Láràárọ̀ ni akọ̀wé rẹ̀, Nassirou, máa ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agboòrùn. Òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn, kódà kí kò sí ìkankan. Iṣẹ́ méjì ni Nassirou ní láyé: kó gbé agboòrùn, kó sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Nassirou, òtútù mú lónìí."

"Ó mú púpọ̀, Alájì. Eyín mi ń gbá ara wọn."

"Àbí ooru ni?"

"Ooru ni, Alájì. Òógùn ló ń jẹ́ kí n máa gbọ̀n."

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé "ẹ káàárọ̀" kó sì kọjá. O ó kí i pé ó jí, o ó kí i pé ó wọ aṣọ, o ó kí i pé ó gun àtẹ̀gùn, o ó kí àga tó fẹ́ jókòó lé. Àwa náà fẹ́ràn ìkíni, a ò parọ́. Ọmọ tó bá kọjá lára àgbà láìkí i, ìyá rẹ̀ là ń bú. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni ìkíni. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, òun ni yóò jẹ ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, àjọ rẹ̀ rán an lọ sí fọmasiọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Kútọnu, kó lọ kọ́ bí wọ́n ti ń fi ìṣirò yan ohun tó dára jù nínú ohun púpọ̀. Olùkọ́ náà kọ́ wọn dáadáa. Alájì fi ọ̀sẹ̀ méjì sùn, ó fi ìkẹta ya fọ́tò. Nígbà tó padà dé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló kó wálé: àlígórítìmù, rẹsó, pùrògíráàmù líníà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bà yín lẹ́rù. Àlígórítìmù ni kí èèyàn máa ṣe nǹkan ní ẹsẹẹsẹ, kó má fo ọ̀kan: ò ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì kó o tó sè é, kì í ṣe ìgbà tó bá wà lẹ́nu àlejò. Rẹsó ni àwòrán ọ̀nà: ibi tí ọ̀nà ti pàdé, o fi àmì sí i, bí ọ̀nà bá ti pẹ́ tó, o kọ nọ́mbà rẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè wá èyí tó kúrú jù. Pùrògíráàmù líníà sì rèé, ohun tí gbogbo ìyá ọlọ́mọ ń ṣe ni: gààrí kù kọ́ńgò méjì, ẹja kù mẹ́ta, ọmọ jẹ́ mẹ́fà, báwo ni gbogbo wọn ṣe máa yó tí ẹnikẹ́ni ò ní sunkún? Ìyá á ti ṣe é tán kí omi tó hó. Alájì ní òun nílò bírò mẹ́rin fún un.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́ náà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Naïmath, tó ń jókòó ti ẹ̀rọ ọ̀dinatọ̀ tó ń bá wọn ṣírò. Alájì ní kó bi ẹ̀rọ pé èèyàn mélòó ló yẹ kó máa gbálẹ̀ iwájú ọjà. Naïmath kó ìgbálẹ̀, yanrìn àti wákàtí sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn.

"Mẹ́rin àti ààbọ̀, Alájì," ni Naïmath wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di márùn-ún. Èèyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dá sí méjì."

Alájì dìde. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ́gbọ́n dání, ó máa ń dìde kí ọ̀rọ̀ náà lè dé ọ̀nà jíjìn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ síyáǹsì níwà? Ẹ̀rọ ní ààbọ̀. Ààbọ̀ là ó gbà. Nassirou, lọ wá ààbọ̀ èèyàn wá fún mi."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin, Alájì?"

Wọ́n wá ọkùnrin kúkúrú kan rí ní ẹ̀yìn ọjà. Wọ́n fà á ti ògiri, wọ́n wọ̀n ọ́n, Alájì ní ó tó. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ọkùnrin kúkúrú yìí nìkan ti gbá ju àwọn mẹ́rin yòókù lọ. Alájì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Kútọnu pé òun ti rí i dájú pé ààbọ̀ èèyàn ń ṣiṣẹ́ ju odindi lọ, àti pé lọ́dún tó ń bọ̀, ààbọ̀ nìkan ni òun yóò gbà.

Ibi yìí ni a ti bọ́ sọ́dọ̀ Lafiatou.

Ní Dowa, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ níbí, Lafiatou ló ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó ìdọ̀tí láti ojúlé dé ojúlé. Púsù-púsù méjìlá ni wọ́n ní, ọmọlanke onígi, ọlọ́wọ́ méjì, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì. Ọdún mọ́kànlá ti rèé. Ilé méjìlá ló ń jẹun lára ọmọlanke méjìlá. Lọ́dọọdún, Àjọ Gbálẹ̀-Ìlú máa ń fún un ní ìwé ìyọ̀ǹda. Lọ́dún yìí, ìwé ti parí, Alájì kò fọwọ́ sí òmíràn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó pe gbogbo Dowa jọ.

"Ẹ̀yin ará Dowa," ni Alájì wí lórí àga tí wọ́n gbé lé tábìlì, "ẹ yọ̀, torí mo dé. Kí n tó dé, ìdọ̀tí yín ń rìn gbéregbère bí ọmọ tí kò ní baba. Láti Àlàmísì tó ń bọ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ yín yóò máa gba ọ̀nà tó kúrú jù láyé. Àwọn ará òkè òkun yóò wá wo ìdọ̀tí yín, wọn yóò sì tijú tiwọn."

Nassirou sọ agboòrùn sílẹ̀. Àmì nìyẹn pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ètò náà rèé. Kàmíọ̀n kan ṣoṣo, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, yóò gba ààtàn méje tó wà ní Dowa. Ẹ̀rọ ni yóò yan ọ̀nà fún un. Madámù Djamila, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ wò, yóò wá láti Kútọnu. Tí kàmíọ̀n bá jáde ní aago méje tó sì kó gbogbo rẹ̀ tán ní aago mẹ́wàá, ọmọlanke ti di èèwọ̀ ní Dowa. Wọn yóò fọ́ méjèèjìlá ṣe igi ìdáná.

Lafiatou na ọwọ́. "Alájì, ẹ kú ọ̀rọ̀. Tí kàmíọ̀n bá dé ibi tí kò lè wọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ti mọ̀."

"Ta ló sọ fún un?"

"Ìyá, ẹ̀rọ kì í gbọ́ àgbọ́sọ. Nọ́mbà ló ń jẹ."

"Ta ló ń se nọ́mbà náà fún un?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alájì kò rẹ́rìn-ín. "Èmi fúnra mi," ló wí.

"Ó dáa, Alájì. Ẹ bá wa fi iyọ̀ sí i níwọ̀n."

Ó ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n àwàdà náà tán nígbà tó délé. Ó jókòó lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan tó ti yọ. Razak, àgbà nínú àwọn tó ń ti ọmọlanke, béèrè pé, "Ìyá, ṣé ká ti máa wá iṣẹ́ mìíràn?"

"Ẹ fi òróró sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́," ni Lafiatou wí. "Àlàmísì kò tíì dé."

Wàyí o, ẹ̀rọ kò lè yan ọ̀nà tí kò bá mọ iye ìṣẹ́jú tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Naïmath ní kí wọ́n jẹ́ kí Imrane, awakọ̀ kàmíọ̀n, gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹrù, kí àwọn sì kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀.

"Imrane?" ni Alájì wí. "Kí síyáǹsì wá gba abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ kọjá? Ẹsẹ̀ tèmi ni yóò wọn Dowa."

Bó ṣe jáde nìyẹn, Nassirou pẹ̀lú agboòrùn lọ́wọ́ kan, aago lọ́wọ́ kejì, Naïmath ń mú ìwé bọ̀ lẹ́yìn. Nassirou sì ti ránṣẹ́ ṣáájú pé àdúgbò tó bá kí Dirẹtọ̀ dáadáa, ìdọ̀tí tiwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé.

Ọ̀nà Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Ọmọdé máa ń rìn ín já kó tó jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ tán.

"Ẹ kú ìrìn, Alájì."

"Ẹ kú oòrùn o."

"Ẹ kú agboòrùn."

"Ẹ kú ọgbọ́n tó wúwo lórí."

Télọ̀ kan wólẹ̀ pátápátá. "Ẹ kú àlígórítìmù, Alájì. Ọlọ́run á wò ó dàgbà. Ẹ ó fọwọ́ ara yín gbé ọmọ rẹ̀ jó."

"Àmín," ni Alájì wí. Ó dúró, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbogbo. Nígbà tó dé òpin, ó rí i pé ìyá kan wà lẹ́yìn iná tí kò tíì kí òun, ó bá yí padà, ó lọ dúró tì í títí ó fi kí i. Aago Nassirou ka ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ojúlé àwọn télọ̀, méjìdínlógójì. Iwájú ilé Àlùfáà, wákàtí kan dín díẹ̀, torí Àlùfáà fi àdúrà sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ẹ̀yìn àdúgbò, níbi àbàtà tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ gbọ̀mà. Kò sí èèyàn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó lẹ́bàá ebè, ó wo Alájì, kò sọ nǹkan kan. Inú bí Alájì. Ó káṣọ sókè, ó sáré kọjá. Ìṣẹ́jú méjì.

Naïmath dúró. "Alájì, ìṣẹ́jú tí mò ń kọ yìí, ti ìkíni ni, kì í ṣe ti ọ̀nà. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé wọ́n ń kí yín. Yóò rò pé ọ̀nà ló pẹ́."

"Ṣé wọn ò kí mi ni?"

"Wọ́n kí yín."

"Ṣé irọ́ ni ìkíni wọn?"

"Òótọ́ ni, Alájì," ni Nassirou wí. "Mo gbọ́ ọ."

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Alájì wí.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni kó ṣe? Ẹ̀rọ náà kò ṣàfojúdi rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó kàmíọ̀n, ó yan èyí tó súnmọ́ jù, ó ro ìṣẹ́jú pọ̀, ó fi èyí wé ìyẹn, ó ju èyí tó pẹ́ nù. Ẹsẹẹsẹ. Gbogbo ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn Dirẹtọ̀, ẹ̀rọ sá níbẹ̀. Gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ ní ibẹ̀ lọ̀nà kúkúrú wà.

Àlàmísì dé. Madámù Djamila dé pẹ̀lú rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Alájì wọ agbádá funfun tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí dé ẹ̀yìn, ó jókòó níwájú kàmíọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Imrane. Nassirou rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Madámù àti Naïmath tẹ̀lé wọn nínú ọkọ̀ kékeré.

Wọ́n kó ààtàn kìíní. Imrane wo ìwé ọ̀nà, ó tún un wò, ó yí i po.

"Alájì, ààtàn ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí nìyẹn, mo ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀."

"Kí ni ìwé wí?"

"Ìwé ní kí n gba àbàtà, kí n yí ẹ̀yìn itẹ́ òkú po, kí n wá yọ sí i láti òdìkejì."

"Gba àbàtà."

"Alájì, ewúrẹ́ gan-an máa ń ṣàdúrà kó tó gba ibẹ̀."

"Ṣé ewúrẹ́ lọ sí fọmasiọ́n ni?"

Imrane ronú. Ewúrẹ́ kò lọ. Ó gba àbàtà.

Ẹsẹ̀ iwájú ló kọ́kọ́ wọlé, tẹ̀yìn tẹ̀lé e. Kàmíọ̀n náà jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí adìyẹ tó fẹ́ sàba. Madámù Djamila dúró lórí ilẹ̀ líle.

"Alájì, ọkọ̀ yín ti rì."

"Rárá o, Madámù. Ọkọ̀ kò rì. Ilẹ̀ ló gòkè."

"Ó gòkè gan-an," ni Nassirou wí. Ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀, agboòrùn ṣì wà lókè.

Alájì ní òun yóò sọ̀ kalẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i pé ibẹ̀ kò jìn. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ìbàdí. Agbádá là káàkiri orí omi bí ewé òṣíbàtà. Baba kan tó ń bomi rin ebè tẹ̀ síwájú, ó ṣí fìlà.

"Alájì, ẹ má bínú. Gbọ̀mà mi lẹ dúró lé."

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lókè. Lafiatou àtàwọn èèyàn rẹ̀ ni. Ìwé wọn ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kò mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun àárọ̀ tán ni wọ́n ti ń kó, ó ku ààtàn kan.

Razak wo ìsàlẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀."

"Ọmọ èèyàn ni," ni Lafiatou wí. "Ẹ gbé pákó wá."

Wọ́n tẹ́ pákó, wọ́n fà á jáde. Bàtà rẹ̀ kò tẹ̀lé e. Torí kò lè rìn lẹ́sẹ̀ lásán níwájú Madámù, wọ́n gbé e sínú ọmọlanke, sórí háhá àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́. Nassirou fi agboòrùn bò ó.

Madámù Djamila gba ìwé lọ́wọ́ Naïmath. "Ọ̀nà Mọ́ṣáláṣí, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ṣé òkè ni?"

"Ilẹ̀ títẹ́jú ni, Madámù."

"Kòtò wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Kí ló wá wà níbẹ̀?"

Naïmath wo inú ọmọlanke. "Ìkíni, Madámù. Alájì ló fẹsẹ̀ ara wọn wọ̀n ọ́n."

Madámù ká ìwé náà. Ó yíjú sí Lafiatou. "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́, ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń gba ibẹ̀?"

"Pẹ̀lú ẹrù, mẹ́fà. Tí mo bá kí Àlùfáà, mẹ́jọ. Tí ìyàwó rẹ̀ bá fi jáde sí i, ẹ má kà á mọ́."

"Alájì, ṣé ẹ ní nǹkan sọ?"

Alájì yọ èèpo ẹ̀gẹ́ kan lára ọrùn. "Madámù, wọ́n fẹ́ràn mi jù ni."

Ìwé tó yọ ọ́ nípò kò pé ìlà mẹ́ta. Wọ́n fi Naïmath jókòó sí ipò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Nassirou ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agboòrùn. Naïmath ní òun ò fẹ́. Nassirou ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fi bo ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Lafiatou kò tíì tẹ ìwé ìyọ̀ǹda. Madámù Djamila ti wí pé, "Ìṣirò kò ṣẹ̀ yín. Ẹ wá nọ́mbà gidi, kí ẹ̀rọ fi yan ọ̀nà fún ọmọlanke méjìlá yìí. Ọjọ́ tí nọ́mbà bá pé, Naïmath fọwọ́ sí ìwé Ìyá. Tí kò bá pé kí oṣù tó parí, mo ń rán kàmíọ̀n mìíràn bọ̀."

Ta ni yóò wá ti ọmọlanke pẹ̀lú ẹrù la gbogbo Dowa já kí wọ́n lè kọ ìṣẹ́jú rẹ̀? Lafiatou kò ṣeé rán, gbogbo ojúlé ló ń kí i. Razak àtàwọn yòókù, bákan náà. Imrane ní àna méjì ní òpópónà kan ṣoṣo. Naïmath ti di ọ̀gá, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀.

"Ẹnì kan wà tí wọn kì í kí mọ́," ni Lafiatou wí.

Iwájú ilé ara rẹ̀ ni wọ́n bá a. Látìgbà tí ìwé ìyọnípò ti dé, àwọn tó ń wólẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ ti ń kọjú sí ògiri tí wọ́n bá ń kọjá.

Naïmath kúnlẹ̀. "Alájì, iṣẹ́ wà."

"Iṣẹ́ dirẹtọ̀?"

"Iṣẹ́ ẹsẹ̀."

Alájì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọlé lọ mú bàtà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ti ọmọlanke. Ọjọ́ kìíní, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín láti ẹ̀yìn fèrèsé. Ọjọ́ kejì, ẹ̀rín ti tán. Ní ọjọ́ kẹta, ó ku Ọ̀nà Mọ́ṣáláṣí nìkan, àánú rẹ̀ sì ti ń ṣe wọ́n, èyí tó léwu jù. Lafiatou rí i lójú wọn. Ó sáré ṣáájú, láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí i. Tí ẹ bá kí i, nọ́mbà bàjẹ́, ìwé wa bàjẹ́. Àlùfáà, ẹ̀yin náà."

"Bí ó bá sálámà sí mi ńkọ́?" ni Àlùfáà wí. "Ọ̀ranyàn ni kí n dáhùn."

"Ẹ wọlé, ẹ lọ di etí."

Alájì wọ ojú ọ̀nà. Gbogbo èèyàn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó fọhùn. Télọ̀ fi tépù ìwọ̀n so ẹnu ara rẹ̀. Ọmọ kan fẹ́ kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ fi apá gbé e dìde. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń dún. Alájì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó ń tì í lọ.

Naïmath tẹ aago ní òpin ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́fà géérégé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé ìwé Lafiatou lé orí ìdọ̀tí inú ọmọlanke, ó fọwọ́ sí i níbẹ̀. Lafiatou gbà á, ó ká a, ó tì í bọ ìró.

"Ó yá," ló wí fún àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alájì," ni wọ́n wí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin rẹ̀. Télọ̀ tú tépù kúrò lẹ́nu. Àlùfáà jáde, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Alájì tó rí ọ̀nà délé. Naïmath ti pa aago.